Mo Yí Òfin Odò Padà Kí Alájì Mi Má Baà Kú

Ẹ jókòó dáadáa. Tó bá jẹ́ pé ojú kan lẹ fẹ́ fi ka ọ̀rọ̀ mi, kí ẹ máa fi ojú kejì wo ìkòkò lórí iná, ẹ kúkú gbé ìwé ìròyìn yìí sílẹ̀ kí ẹ lọ ro ọkà yín. Mi ò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìwọ tó o ti ṣí i lọ sẹ́yìn kó o lè mọ bó ṣe parí, padà wá síbí. Ìyà tó jẹ mí, ẹsẹ̀ ló fi rìn wá. Ìwọ náà máa bá a rìn ni.

Ẹni tó sì ti ń rẹ́rìn-ín, kó ní sùúrù. Ẹ̀rín ò tíì dé.

Àzízì lorúkọ mi. Ọmọ Kambolé ni mí, àmọ́ Sokodé ni mo ti ń jẹun, ní Kouloundè, níbi tí mo ti ní bùtíìkì kékeré kan: kọ̀ǹpútà kan, ẹ̀rọ fotokópì kan, àga méjì, ẹsẹ̀ méje. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ ìwé ìwáṣẹ́, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀. Mo máa ń tẹ Faransé tó gùn, tó dùn, fún ẹni tí kò mọ̀ pé èmi gan-an ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ tán.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń gun ọ̀kadà tí à ń pè ní zẹ́mì, máa gba Tchamba kọjá, máa wọ Kambolé kí wọ́n tó kí àìlà tán. Ìyá mi ti mọ̀.

"Àzízì, ṣé èmi lo wá kí ni, àbí igi dóńgóyárò?"

"Ẹ̀yin ni, Ìyá."

Ẹsẹ̀ mi á ti máa lọ sábẹ́ igi.

Abẹ́ igi yẹn, nínú àgbàlá Mẹ́tìrì Bìlálì tó ń kọ́ni nílé ìwé wa, la ti ń ṣe Ìrìn Olóbì. Ẹ má sọ pé lúdò ni. Ẹni tó bá pè é ní lúdò níwájú Jàríátù, ọwọ́ rẹ̀ ló wà. Eré ẹnu ni. Mẹ́tìrì Bìlálì ló dá a sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Olúkúlùkù wa ní ẹnì kan tó jẹ́ nínú eré, ojú ẹni yẹn ló fi ń ríran, ẹnu rẹ̀ ló fi ń sọ̀rọ̀. A ó di ẹrù obì, a ó dì í ru kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, a ó máa kó o lọ sí Kano bí àwọn bàbá ńlá wa ṣe ń ṣe, tòun ti olè ojú ọ̀nà, tòun ti ẹkùn, tòun ti odò tó kún.

Mẹ́tìrì ni Ẹlẹ́nu. Òun ló ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Á ní, "Ẹ gbọ́ ìró kan nínú igbó. Kí lẹ ṣe?" Ìwọ náà á sọ ohun tó o ṣe. Bí kò bá dájú pé ó máa ṣeé ṣe, wàá ju ẹyọ lúdò. Iye tó bá yọ ló ń dájọ́. Gbogbo òfin rẹ̀ wà nínú kayé kan ṣoṣo, ẹ̀yìn rẹ̀ aláwọ̀ ewé, tí Mẹ́tìrì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ.

Àwa tá à ń ṣe é ò pọ̀. Jàríátù, aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí, ọdẹ ni nínú eré. Mùízù tó ń wa zẹ́mì, aláàfáà ni, bẹ́ẹ̀ nígbà tí eré ò bá sí, mi ò rí i rí kó tètè dé ìrun. Àbdùlàhí, àgbẹ̀ oníṣu, òun ni afọ̀nàhàn. Àbdùlàhí ò mọ ìwé Faransé, kò mọ lẹ́tà kankan. Kéwú nìkan ló kà, ó sì kà á yanjú.

Èmi wá ni Alájì Gàrúbà.

Ẹ dìde nígbà tí mo bá ń pe orúkọ yẹn. Ọdún mẹ́fà ni mo fi tọ́ ọkùnrin yìí. Ó ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mẹ́rìnlá, ìyàwó méjì ní Salaga, ó sì ti lọ Mẹ́kà bọ̀, òun nìkan nínú gbogbo wa. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, mi ò ní ọ̀kankan níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tí mò ń gùn lọ sí àdúgbò Komah ní Sokodé gan-an, ti ẹ̀gbọ́n mi ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ikú ṣe rí nínú eré náà, kí ẹ lè mọ ohun tó fẹ́ já mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹni tó bá kú ti kú. Kò sí "ẹ jẹ́ ká tún un jù." A máa jókòó sórí ẹní, ẹni tó ni òkú á sọ ìtàn ìgbésí ayé olóògbé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àwọn tó kù á wá máásà wá. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di alárù. Alárù ni gbogbo èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀: àpò kan, ṣòkòtò kan, kò lórúkọ.

"Alárù, gbé eléyìí. Alárù, lọ yọjú wò bóyá ẹkùn wà nínú ihò yẹn."

Mo ti ṣe alárù rí. Mùízù ló ní kí n yọjú. Ẹkùn wà níbẹ̀. Mo jáde pẹ̀lú ìdajì ṣòkòtò.

Ó yá, ẹ bọ́ sódò.

Ọjọ́ Àìkú kan, òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, a dé odò Mono nínú eré.

"Odò ti kún," Mẹ́tìrì wí. "Omi kan ikùn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Kí lẹ ṣe?"

Jàríátù ní òun á dúró dìgbà tó bá fà. Mùízù ní òun á kọ́kọ́ ṣe àdúrà. Èmi wò wọ́n tìyanutìyanu.

"Alájì Gàrúbà kì í dúró de omi," mo wí. "Mo wọlé."

"Àzízì, ibi tí omi ò jìn wà lápá òkè," Àbdùlàhí wí. "Ìdajì wákàtí la máa fi rìn débẹ̀."

"Ṣé ìwọ lo ni kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́?"

"Rárá, ìwọ lo ni ín. Láìpẹ́, omi ló máa ni ín."

Mẹ́tìrì ò rẹ́rìn-ín. "Omi dé àyà rẹ, Alájì. Apẹ̀rẹ̀ obì wà lórí rẹ. Ṣé o sọ ọ́ sílẹ̀?"

"Obì tí mo gbé láti Salaga? Mi ò sọ nǹkan kan sílẹ̀."

Mẹ́tìrì ṣí kayé, ó kà á: "Ẹni tí omi bá kàn láyà, tó kọ̀ láti sọ ẹrù orí rẹ̀ sílẹ̀, kó ju ẹyọ lẹ́ẹ̀kan péré. Bó bá yọ mẹ́fà, ó yè. Bí kò bá yọ mẹ́fà, omi ló ni ín."

Ọwọ́ mi dé ara ẹyọ. Ni òjò bá dé. Kì í ṣe òjò ẹnu Mẹ́tìrì o, òjò gidi. A gbé ẹní, a sá. Nígbà tó fi máa dá, wọ́n ti pe àlàásárì, Mùízù sì ní èrò tó máa gbé lọ sí Tchamba.

Mẹ́tìrì ń gbọn omi kúrò lára kayé. Yíńkì ti ń ṣàn lójú ìwé méjì.

"Kayé yìí máa kú ṣáájú Alájì," ó wí. Ó nà án sí mi. "Àzízì, ìwọ lo ní kọ̀ǹpútà. Bá mi tẹ̀ ẹ́. Ṣe é ní ìwé tó dúró ire. Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi kan ní Tchamba ti ń bèèrè rẹ̀. Má yọ, má fi kún."

"Dakọ́ọ̀, Mẹ́tìrì."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́jọ́ tí ẹ̀dà tuntun bá dé, ìwọ lo máa kọ́kọ́ ju ẹyọ."

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Wọ́n mú ìwé òfin fún ẹni tí wọ́n fẹ́ dájọ́ ikú fún, wọ́n ní kó mú un lọ sílé kó lọ tún un kọ kó mọ́ tónítóní. Ta ló jẹ̀bi níbẹ̀? Ó dáa, èmi ni. Ẹ má pariwo.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, fóònù mi ò sinmi. Jàríátù ń bèèrè bóyá àwòrán máa wà nínú ẹ̀dà tuntun. Mùízù ń sọ ọ́ fún gbogbo èrò tó bá gbé, títí kan ìyá arúgbó kan tó ń lọ sí ọsibítù. Àbdùlàhí tí kò lè kà á gan-an ní kí n bá òun fi ọ̀rá wé tòun, kí iyẹ̀pẹ̀ oko má baà bà á jẹ́.

"Báwo ló ṣe máa rí?" Jàríátù bi mí lórí fóònù.

"Ẹ ò ní dá a mọ̀," mo wí.

Nínú gbogbo ohun tí mo sọ lóṣù yẹn, èyí nìkan ni kì í ṣe irọ́.

Mo fi òótọ́ inú bẹ̀rẹ̀. Ojú ìwé kìíní dé ogún, bí Mẹ́tìrì ṣe kọ ọ́ ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́. Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo dé orí òfin odò. Ìka mi dúró.

Mo mú ẹyọ lúdò kan jáde nínú àpótí. Mo ní kí n kàn wò ó, kí n mọ ibi tí orí Alájì wà. Mo jù ú: méjì. Mo tún un jù: méjì. Mẹ́rin. Ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni mo jù ú, mẹ́fà ò yọ. Lẹ́ẹ̀kọkànlá, ó yí wọ abẹ́ ẹ̀rọ fotokópì. Mo dojúbolẹ̀ kí n lè rí i. Mẹ́ta.

Mo padà sórí àga. Mo rí ara mi bí alárù. Mo rí Mùízù tó ń nawọ́ sí ihò.

Ohùn kan sọ fún mi pé, "Àzízì, kí ló burú níbẹ̀? Ta ló máa kà á? Mẹ́tìrì ti ń gbàgbé nǹkan. Jàríátù, ojú ìwé ọdẹ nìkan ló ń wò. Mùízù kì í ka nǹkan kan. Àbdùlàhí ò sì mọ lẹ́tà." Mi ò ní sọ pé èṣù ni. Ohùn yẹn jọ tèmi gan-an.

Mo bá tẹ̀ ẹ́: "Ẹni tó bá ti lọ Mẹ́kà, omi odò kì í pa á."

Mo wò ó. Ó dùn ún wò. Ó tiẹ̀ dà bí ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní fẹ́ bá a jiyàn.

Àmọ́ ìṣòro kan wà. Òfin yẹn ń dán láàárín àwọn yòókù bí eyín wúrà lẹ́nu arúgbó. Ẹni tó bá kà á, ojú mi ló máa kọ́kọ́ wò. Mo ronú, ronú. Ọgbọ́n olè wá dé: bí mo bá yí gbogbo rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ta ló máa mọ èyí tí mo yí nítorí ara mi?

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Mo fọwọ́ kan ọdẹ. Mo fọwọ́ kan aláàfáà. Mo fọwọ́ kan afọ̀nàhàn. Ibi tí wọ́n ní ẹkùn mú méjì, mo sọ ọ́ di mẹ́ta. Ibi tí wọ́n ní iyọ̀, mo fi ṣúgà sí i. Mo wá dé ibi kan tí mò ń yí nǹkan padà torí pé ó ń dùn mọ́ mi. Lórí ẹ̀yìn ìwé, mo kọ ọ́ gàdàgbà: ÌRÌN OLÓBÌ, Ẹ̀DÀ KEJÌ, TÍ A TÚN ṢE TÍ Ó SÌ DÁRA JÙ TÀKỌ́KỌ́ LỌ. Mo wá àwòrán tó rẹwà sí i. Ràkúnmí ni mo rí.

Ó ku kayé.

Fúlèrá, obìnrin tó ń ta ẹ̀pà sísun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní Kouloundè, máa ń wá gba ìwé tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ mi láti fi di ẹ̀pà. Ó yọjú lọ́jọ́ náà bó ṣe máa ń ṣe.

"Àzízì, ìwé wà?"

Mo kó èyí tó bàjẹ́ fún un. Ó ń yí padà lọ. Mo wo kayé lórí tábìlì.

"Fúlèrá, ẹ mú eléyìí náà."

Ó ṣí i wò. "Ìwé ẹnì kan nìyí o. Wọ́n kọ ọ́ dáadáa."

"Ó ti tán. Mo ti tẹ̀ ẹ́."

Ó mú un lọ. Ibi tí mo ti ṣe nǹkan tí mi ò lè fi ṣe ẹ̀rín nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ọjọ́ Àìkú tí mo kó ẹ̀dà tuntun dé Kambolé, wọ́n ti tẹ́ ẹní dè mí. Mẹ́tìrì wọ agbádá. Mo pín ìwé kan kan fún wọn. Ti Àbdùlàhí wà nínú ọ̀rá.

Jàríátù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ràkúnmí nìyí."

"Ó rẹwà, àbí?"

"Níbo ni ràkúnmí wà nínú eré wa?"

"Àwòrán lásán ni."

"Láti ọdún mẹ́fà tí mo ti ń dọdẹ, mi ò rí ràkúnmí kan kí n yìnbọn fún un." Ó ṣí ojú ìwé ọdẹ. Mo rí i tí ètè rẹ̀ dúró. "Àzízì, kí lèyí? 'Ọdẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ baálẹ̀ kó tó yìnbọn.'"

"Òfin tuntun ni."

"Ẹkùn ti bẹ́ mọ́ mi lọ́rùn. Kí n ní kó ní sùúrù, mò ń lọ gba ìwé?"

"Kí nǹkan lè dọ́gba ni," mo wí. "Ọdẹ ti lágbára jù."

"Ta ló bá ọ sọ pé mo lágbára jù?"

Mùízù ò jẹ́ kí n fèsì. "Ẹ gbọ́ tèmi. 'Àdúrà aláàfáà á máa gbà ní ọjọ́ Jímọ̀ nìkan.' Àzízì, ọjọ́ mẹ́fà tó kù, ṣé Ọlọ́run ń ti bùtíìkì ni?"

"Àwọn tuntun la ń wá báyìí," mo wí. "Òfin àtijọ́ le jù fún wọn. Ẹ ro ti àwọn ará Tchamba."

"Àwọn ará Tchamba ò gbàdúrà lọ́jọ́ Ajé?"

Ó kan Àbdùlàhí. Ó ń pa ọ̀rá ìwé rẹ̀ mọ́ra. "Jàríátù, jọ̀ọ́, ka ti afọ̀nàhàn fún mi."

Jàríátù kà á. "'Afọ̀nàhàn á ju ẹyọ kó tó lè rántí ọ̀nà.'"

Àbdùlàhí wò mí. Kò bínú. Ó kàn bi mí bí ẹni ń bèèrè aago. "Àzízì, ṣé mo gbàgbé ọ̀nà rí?"

Mo bojú wo Mẹ́tìrì pé kó gbà mí. Mẹ́tìrì ń ṣí ìwé lọ síwájú, ó ń ṣí i padà sẹ́yìn, iwájú orí rẹ̀ ti hunjọ. Kò fẹ̀sùn kàn mí. Ohun tó ń ṣe burú jùyẹn lọ.

"Bóyá bẹ́ẹ̀ ni mo kọ ọ́," ó ń sọ fún ara rẹ̀. "Ó ti pẹ́. Ọpọlọ mi ti ń dàgbà. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mo kọ ọ́."

Ẹni tó bá ní ọkàn ì bá ti jẹ́wọ́ níbẹ̀. Èmi ní, "Bẹ́ẹ̀ lẹ kọ ọ́, Mẹ́tìrì."

Ó mi orí. "Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká ṣe ohun tá a wá ṣe. Alájì ṣì wà nínú omi." Ó wá ojú ìwé odò. Ó kà á síta, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ bó ṣe ń kà á: "Ẹni tó bá ti lọ Mẹ́kà, omi odò kì í pa á."

Ewúrẹ́ kan ń jẹ èèpo iṣu lẹ́yìn wa. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń rún un.

"Nínú gbogbo wa," Mùízù wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ta ló ti lọ Mẹ́kà?"

Ojú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yí sí mi.

"Òfin ni," mo wí. "Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́. Ẹ lọ wo kayé." Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo mọ̀ pé mo ti sọ̀rọ̀ jù.

Àbdùlàhí gbé ìwé inú ọ̀rá rẹ̀ sílẹ̀. Ó ká ẹsẹ̀ jọ, ó di ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí mì síwájú sẹ́yìn bí ọmọ kéwú tó jókòó ti wàláà.

"Orí kìíní. Olóbì ni ẹni tó bá fi ẹ̀yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ jẹun. Orí kejì. Alárù ò lórúkọ títí tí yóò fi kọjá odò mẹ́ta."

Ó ń kà á lọ. Ọdẹ, bó ṣe wà. Aláàfáà, bó ṣe wà. Kò fo ọ̀rọ̀ kan. Ó dé ibì kan, ó wúkọ́, ó tẹ̀síwájú.

"Kí ló dé tó o wúkọ́?" Jàríátù bi í.

"Mẹ́tìrì wúkọ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kà á fún wa."

Ó dé orí odò: omi tó kan àyà, ẹrù tí wọn ò sọ sílẹ̀, ẹyọ tí wọ́n máa jù lẹ́ẹ̀kan péré. "Bí kò bá yọ mẹ́fà, omi ló ni ín." Ó la ojú. "Mẹ́kà ò sí níbẹ̀."

"Gbogbo rẹ̀ lo mọ̀ sórí?" mo bi í.

"Mi ò mọ lẹ́tà, Àzízì. Kí ni kí n wá fi ka ìwé? Mo gbà á sórí. Mo máa ń kà á lóko nígbà tí mo bá ń kọ ebè."

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, ẹ wò mí dáadáa. Nínú gbogbo wọn, ẹnì kan ṣoṣo ni mi ò bẹ̀rù, torí pé kò lè kà. Mo gbàgbé pé ọmọ kéwú ni èmi náà nígbà kan, kí ẹgba tó lé mi dé ilé ìwé Faransé.

Mẹ́tìrì pa ìwé ràkúnmí dé. "Kayé mi dà?"

"Mẹ́tìrì, ẹ jọ̀ọ́..."

"Àzízì. Kayé mi."

"Wọ́n ti fi di ẹ̀pà."

"Ẹ̀pà wo?" Jàríátù bi mí.

"Ẹ̀pà sísun. Ní Kouloundè."

Mẹ́tìrì ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún. "Ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ gbé mi lọ ṣe tíṣà ní ìlú tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ èdè mi," ó wí, "òun ni mo máa ń kọ tí iṣẹ́ bá parí, kí n má baà máa bá ògiri sọ̀rọ̀." Kò gbé ohùn sókè.

Ì bá ti gbá mi létí, inú mi ì bá dùn. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: ẹyọ tí mo jù lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, ihò tí Mùízù ní kí n yọjú sí, ṣúgà tí mo fi rọ́pò iyọ̀. Mùízù fi ọwọ́ bo ẹnu, mi ò mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín.

"Dìde," Mẹ́tìrì wí. "Ju ẹyọ. Òfin àtijọ́."

Mo mú un. Mo jù ú. Ó yí, ó kan ẹsẹ̀ Jàríátù, ó dúró.

Mẹ́fà.

Jàríátù tẹ̀ ba, ó wò ó dáadáa, ó wá bú sẹ́rìn-ín títí tí omijé fi jáde lójú rẹ̀. "Odò ti fẹ́ jẹ́ kó kọjá. Àzízì, odò ò bá ọ jà rárá. Ìwọ lo lọ bá a lálejò pẹ̀lú ọ̀bẹ."

"Ó yè," mo wí. "Ẹ rí i. Alájì yè."

"Kò tíì parí," Àbdùlàhí wí. Ó tún di ojú. "Orí tó kẹ́yìn. Ẹni tó bá fi ẹ̀rú gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ẹyọ, ẹyọ ò mọ̀ ọ́n rí. Ẹni rẹ̀ kú lójú ẹsẹ̀, ìbáà ṣe ọba, ìbáà ṣe alárù."

"Níbo nìyẹn wà?"

"Ojú ìwé tó kẹ́yìn. Ṣé o ò tẹ̀ ẹ́ ni?"

Mi ò tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, ọwọ́ ti ro mí. Ràkúnmí kejì ni mo fi dí ibẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni Alájì Gàrúbà ṣe kú, ní ìgbẹ̀yìn ọdún mẹ́fà, pẹ̀lú mẹ́fà tó fi orí ara rẹ̀ jù.

Ìyà mi ò tíì tán títí di òní. Gbogbo ọjọ́ Àìkú, ṣáájú eré, mo máa ń jókòó níwájú Àbdùlàhí pẹ̀lú kayé tuntun. Òun ń kà á, èmi ń kọ ọ́. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ kan kọ, ó ní pankẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fi máa ń kàn mí lórí, kì í dunni púpọ̀, Jàríátù ni kì í jẹ́ kó gbàgbé rẹ̀ nílé. Mẹ́tìrì ń kí mi, ó ń dáhùn bí mo bá bèèrè nǹkan. Àmọ́ nígbà tó fẹ́ fi ìwé ránṣẹ́ sí Tchamba lọ́sẹ̀ tó kọjá, Mùízù ló gbé e fún.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀? Ẹ fẹ́ kí n wí i? Ẹni tó bá fẹ́ tún ìwé ẹlòmíì ṣe, kó kọ́kọ́ kà á dé ìparí. Ẹni tó bá sì fẹ́ lu jìbìtì, kó má lù ú láàárín àwọn tó kéwú. Èyí tó bá wù yín nínú méjèèjì ni kí ẹ mú lọ sílé.

Ó ku bí a ṣe ṣe òkú rẹ̀.

Ọjọ́ náà gan-an la jókòó, torí òfin ni. Mùízù sáré lọ ra máásà. Wọ́n ní kí n sọ ìtàn ìgbésí ayé olóògbé. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tó jẹ́ alárù, mo sọ ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àkọ́kọ́ tó rà, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀. Mo sọ bí Jàríátù ṣe gbà á lẹ́nu ẹkùn. Mo sọ bó ṣe pín omi rẹ̀ fún Àbdùlàhí lójú ọ̀nà Salaga. Ibẹ̀ ni ohùn mi ti já. Mò ń sunkún. Kì í ṣe ẹkún eré. Jàríátù náà ń fi etí ìborùn nu ojú. Mẹ́tìrì ti tẹrí ba.

Ni Bàbá Hàrúnà, àgbà kan ládùúgbò wa, bá ń bọ̀ láti oko lórí kẹ̀kẹ́, ọkọ́ lórí èjìká. Ó rí wa, ó rí ẹkún, ó rí máásà. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi kẹ̀kẹ́ ti igi.

"Ẹ kú ìrọ́jú o. Ta ló kú?"

"Alájì Gàrúbà ni, Bàbá," Mùízù wí kó tó rántí.

"Ìnnà lìlláhì." Bàbá bọ́ bàtà, ó jókòó sórí ẹní, ó gba ọwọ́ mi mú. "Ọlọ́run á fi àlùjánnà kẹ́ ẹ. Àìsàn ni?"

"Omi ni, Bàbá," mo wí láàárín ẹkún.

"Mono?"

"Mono ni."

"Odò burúkú." Ó mú máásà kan, ó jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìbànújẹ́. "Ó fi ọmọ sílẹ̀?"

"Ìyàwó méjì. Ní Salaga."

"Wọ́n á gbọ́ báyìí." Ó jẹ ìkejì. "Agbo ilé wo ló ti wá níbí? Mi ò rántí Alájì Gàrúbà kankan."

Mẹ́tìrì ń wo fìlà rẹ̀. Jàríátù, tí kì í lè purọ́ fún àgbà, ló sọ ọ́.

"Bàbá, inú eré ni. Òun ni Àzízì máa ń ṣe nínú eré."

Bàbá Hàrúnà wo Jàríátù. Ó wo ẹyọ lúdò lórí ẹní. Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá wo ojú mi tó ti wú. Ó rún èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ tán, ó nu ọwọ́ mọ́ orúnkún, ó wọ bàtà rẹ̀, ó gbé ọkọ́.

"Ẹni tí wọn ò bí lẹ jókòó tí ẹ ń sunkún," ó wí. "Ẹ̀yin tí wọ́n bí, òjò ti rọ̀, ẹ ò tíì gbin àgbàdo."